Omi Wo Ló Yẹ Kí Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Máa Mu?

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀nà ọ̀fun àti fún ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní ọjọ́ tí wọ́n tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, tó rí bí ìpẹtà ṣe jẹ ojú irin wọnú, tó sì rí èépá funfun tó dí ihò tí omi ń gbà kọjá, yóò mọ̀ pé omi mìíràn wà tí ó jẹ́ ọ̀tá gidi fún ọkọ̀.

Ní ìdájí, ní gáréèjì Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣòdì nílùú Èkó, ohun kan náà ni ojú ń rí. Awakọ̀ yóò yọ ìdérí rédíétọ̀, yóò sì na ọwọ́ sí ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bi í pé níbo ni omi náà ti wá. Ó lè jẹ́ omi kànga ilé tó sùn, ó lè jẹ́ omi ẹ̀rọ, ó sì lè jẹ́ píọ̀ wọ́tà méjì tó rà lọ́wọ́ ọmọ tí ń kiri. Bí omi bá ti mọ́ lójú, ó parí. Àwọn tí ń sọ pé àìmọ̀kan awakọ̀ ló fà á kò parọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Ìṣirò owó tó wà láàárín awakọ̀ àti ọlọ́kọ̀ ni ó jẹ́ kí àṣà náà fìdí múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn mọ iṣẹ́ tí omi yìí ń ṣe. Iná tí ń bú nínú sílíńdà lè gbóná kọjá 2,000°C. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe orí ẹ́ńjìnì, bẹ́ẹ̀ sì ni, máa ń yọ́ ní nǹkan bí 660°C. Ohun tí kò jẹ́ kí orí ẹ́ńjìnì yọ́ bí òrí nínú oòrùn ni omi tí pọ́ǹpù ń tì yí i ká láìsinmi. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru tí epo bẹntiróòlù mú jáde ni omi yìí ń gbé lọ sí rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbà á lára rẹ̀. Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rédíétọ̀. Ohun tó kéré gan-an ló lè dí wọn.

Omi kànga àti omi kànga ẹ̀rọ kì í rí bákan náà níbi gbogbo. Ní agbègbè Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, omi tó bá gba àárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá yóò gbé ẹfun dání. Ìyàwó ilé kò nílò onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti dá irú omi bẹ́ẹ̀ mọ̀: ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀, ìkẹ́tù tí wọ́n fi ń sè é yóò sì ní èépá funfun nínú. Bí ó ṣe ń ṣe ìkẹ́tù, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ẹ́ńjìnì. Bí omi bá ti gbóná, ẹfun yóò lẹ̀ mọ́ irin. Èépá tó fẹ́lẹ́ bí èékánná ti tó láti dènà ooru, kí irin máa gbóná lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí omi tó wà lókè ṣì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Ní etí òkun àti ọ̀sà, ìṣòro náà yàtọ̀. Iyọ̀ òkun máa ń wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀ ní apá ibẹ̀, iyọ̀ kò sì ní àánú alumíníọ̀mù; ṣe ni yóò máa jẹ ẹ́ ní ihò ihò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé ní Ajah àti Lekki sì mọ omi kànga ẹ̀rọ tó pọ́n bí ìpẹtà, tí ń sọ aṣọ funfun di aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹni tí kò lè fi omi kan fọ aṣọ funfun rẹ̀, kí ni ó ń fi í sínú ẹ́ńjìnì ṣe?

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé píọ̀ wọ́tà ló yọ wọ́n nínú ewu yìí. Èrò náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Ikùn ènìyàn ni NAFDAC ń dáàbò bò nígbà tó ń fọwọ́ sí omi inú ọ̀rá. Kò sí ẹni tó bá rédíétọ̀ gba ìwé. Wọ́n lè sẹ́ omi kí ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn kúrò nínú rẹ̀, kí èròjà inú ilẹ̀ tí ń di èépá sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Omi òjò sàn jù ú lọ, bí wọ́n bá fi ọpọ́n tó mọ́ gbè é ní gbangba lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ díẹ̀. Èyí tó ṣàn láti orí páànù ti kó eruku ọyẹ́ àti ìpẹtà mọ́ra. Omi tí ń kán láti inú ẹ̀rọ amúlétutù, tí àwọn kan ń gbè sínú kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú ìdùnnú, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní èròjà ilẹ̀ kankan nínú, àmọ́ ó máa ń fọ eruku ara ẹ̀rọ náà sọ̀kalẹ̀.

Omi tó dára jù ni èyí tí wọ́n ti sè di oru, tí oru náà sì padà di omi, tí àwọn ènìyàn ń pè ní omi dísítíìlì. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé orúkọ kan náà, ìyẹn omi bátìrì, ni àwọn kan ń pe omi yìí àti ásíìdì tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì tuntun. Ọ̀rẹ́ ẹ́ńjìnì ni èkíní, èkejì yóò jẹ irin rẹ̀ run.

Síbẹ̀, omi dísítíìlì nìkan kò tó. Irin àti omi kò lè gbé pọ̀ kí ìpẹtà má yọjú, bó ti wù kí omi náà mọ́ tó. Ìdí nìyí tí kúláǹtì fi wà, orúkọ tí àwọn òyìnbó sì kọ́kọ́ fún un ló ṣì àwọn ènìyàn lọ́nà. Wọ́n pè é ní ohun tí kì í jẹ́ kí omi dì, àwọn mẹkáníìkì nílẹ̀ olóoru sì fi í rẹ́rìn-ín: ta ni yìnyín fẹ́ pa l'Áfíríkà? Ṣùgbọ́n kúláǹtì ní èròjà tí ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpẹtà, ó ń pa pọ́ǹpù mọ́, ó sì ń mú kí omi pẹ́ kó tó hó. Omi lásán ń hó ní 100°C. Èyí tí wọ́n po mọ́ kúláǹtì ní ìdajì sí ìdajì ń hó ní nǹkan bí 107°C, ìdérí rédíétọ̀ tó ń há afẹ́fẹ́ mọ́ inú sì tún ń gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland, níbi tí atẹ́gùn kì í ti í fẹ́ sí rédíétọ̀ tí fáànù nìkan sì ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba yẹn ló máa ń ya ọkọ̀ tó dúró ya ọkọ̀ tó dé ilé.

Ohun tó ń dunni jù ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gúnlẹ̀ ní èbúté pẹ̀lú kúláǹtì nínú wọn. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn án ló ń dà á nù, tí yóò sì tún yọ tẹ́mósítáàtì, pé ilẹ̀ tútù ni wọ́n ti ń lo ìyẹn. Àṣà àtijọ́ ni. Ọkọ̀ Ìjàpá tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ l'Ékòó ní 1975 kò mu omi rárá. Atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tutù. Peugeot 504 ń mu omi, ṣùgbọ́n irin ńlá ni ìdí ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó sì fara da ọ̀pọ̀ ìyà. Alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù lára ọkọ̀ ìsinsìnyí, ike sì ni orí àti ìdí rédíétọ̀ wọn. Ìmọ̀ tí ọ̀gá fi kọ́ ọmọṣẹ́ lórí 504 ti di gbèsè lórí wọn.

Nísinsìnyí, ta ló yẹ kó ra kúláǹtì? Awakọ̀ tí ń dá owó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́ kì í fẹ́ yọ ọ́ nínú ìwọ̀nba tó kù sí i lọ́wọ́, nítorí pé bí ẹ́ńjìnì bá bàjẹ́, ọlọ́kọ̀ ni yóò ra òmíràn. Ọlọ́kọ̀ náà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí pé omi kànga ọ̀fẹ́ ni. Àwọn méjèèjì jọ ń tan ara wọn jẹ. Ẹni tó gba ọkọ̀ háyà pọ́ọ̀ṣéèsì, tí ń san án díẹ̀díẹ̀, ló ń jìyà jù, nítorí òun ni awakọ̀, òun náà sì ni ọlọ́kọ̀ ọ̀la; bí gáàsíkẹ́ẹ̀tì bá jó, tí ọ́ìlì àti omi pò pọ̀ bí ògì, gbèsè kò ní torí ìyẹn dúró. Ọlọ́kọ̀ ló yẹ kó ra kúláǹtì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ táyà.

Àwọn kan yóò sọ pé ayédèrú ló kún ọjà, pé omi tí wọ́n fi aró pa láwọ̀ ewé ni wọ́n ń tà. Òdodo ni, àwọ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló ń sọ irú èyí tó yẹ, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn lè padà sí ló sì yẹ kí wọ́n ti rà á. Àmọ́ àwíjàre kejì, pé kúláǹtì máa ń tètè gbẹ, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Rédíétọ̀ tó pé kì í gbẹ lójoojúmọ́. Ike omi ẹ̀gbẹ́ ìjókòó yẹn fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé ibì kan ń jò, yálà rọ́bà, pọ́ǹpù tàbí ìdérí, ibẹ̀ ló sì yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá wá gbóná lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí kò sí kúláǹtì nítòsí, omi èyíkéyìí tó mọ́ lè gbé e dé ilé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnì, tí wọ́n sì dúró títí ó fi tutù, nítorí pé omi gbígbóná tí ń bú jáde lábẹ́ ìdérí ti bó ọ̀pọ̀ awakọ̀ lójú àti láyà. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, kí wọ́n fi omi dísítíìlì ṣan inú rẹ̀, kí wọ́n tó rọ òmíràn sí i.