Ìgbẹ́ Ọmọ Ọwọ́ Kò Mọ́ Ju Ti Àgbà Lọ

Èrò kan ti pẹ́ láàárín àwọn òbí, pé ìgbẹ́ ọmọ tí ó ṣì wà lẹ́nu ọmú kò ní ẹ̀gbin nínú. Nítorí èyí ni abiyamọ fi ń nu ọmọ nídìí, tí ó ń fi etí ìró nu ọwọ́, tí ó sì ń fi ọwọ́ kan náà bu ẹ̀kọ fún ọmọ mìíràn. Èrò náà kò tọ̀nà. Nínú ilé tí ọmọ kan ṣoṣo wà, ewu rẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ní jẹ́lé-ó-sinmi, níbi tí ọmọ 20 ti ń jẹ, tí wọ́n ń ṣeré, tí wọ́n sì ń yàgbẹ́ lábẹ́ òrùlé kan, ó dàbí iná tí a tì bọ pápá nígbà ọyẹ́.

Ohun tí ń pa ọmọ lára níbẹ̀ ni kòkòrò àrùn, tí ojú lásán kò lè rí. Ní ọdún 1897 ni Kiyoshi Shiga, oníṣègùn ará ilẹ̀ Jàpáànì, rí èyí tí ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, àìsàn tí ń lọ́ ọmọ nínú, tí ń mú ara rẹ̀ gbóná, tí ó sì ń mú kí ó máa ṣu ẹ̀jẹ̀. Bí kòkòrò yìí 10 sí 100 péré bá wọ ẹnu, ó tó láti dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá pàápàá ṣì lè máa ṣu ú jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nítorí náà, kí òbí má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà ara ògiri àti orin A-B-D tan òun jẹ. Kí ó béèrè ibi tí omi àti ọṣẹ wà. Kí ó béèrè bí ẹni tí ń nu ọmọ nídìí ni ó tún ń bu oúnjẹ. Kò yẹ kí iṣẹ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Bí kò bá sì sí ẹlòmíràn, kí onítọ̀hún fi ọṣẹ fọ ọwọ́ láàárín wọn láìyẹ̀. Kí ó wo abọ́ ìṣanwọ́ pẹ̀lú. Abọ́ omi kan tí gbogbo ọmọ ń ti ọwọ́ bọ̀ tẹ̀lé ara wọn kì í wẹ ọwọ́ mọ́. Ńṣe ni ó ń pín ẹ̀gbin ẹni àkọ́kọ́ kárí. Omi tí a ń dà lé ọwọ́ ni ó yẹ. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi, garawa tí ó ní ìdérí, tí a lu ihò kékeré sí nídìí, tí a sì fi igi dí, tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Àgbà ni yóò gbé ọṣẹ sọ̀kalẹ̀ fún un.

Èyí tí ó nira jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu. Òfin rere ni pé kí ó dúró sí ilé títí ìgbẹ́ náà yóò fi dá. Bí ó bá jẹ́ ti ẹlẹ́jẹ̀, títí oníṣègùn yóò fi ní kí ó padà. Síbẹ̀, ìyá tí ń tajà mọ̀ pé ọjọ́ tí òun kò bá dé ìsọ̀, ọbẹ̀ alẹ́ kò dájú. Ìdí nìyí tí òmíràn fi ń wẹ ọmọ ní kùtùkùtù, tí ó ń wọ aṣọ mímọ́ fún un, tí ó sì ń fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ olùtọ́jú láìsọ nǹkankan. Kò yẹ kí a pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní ìkà. Ẹnìkan ni í bí ọmọ, igba ènìyàn ni í tọ́ ọ. Kí bàbá dúró ti ọmọ ní ọjọ́ kan, kí ìyá àgbà dúró tì í ní ọjọ́ kejì. Kí olùtọ́jú má sì gba owó ọjọ́ tí ọmọ kò wá. Níbi tí òtítọ́ bá ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni, irọ́ ni a ó máa gbọ́.

Ní ilé, kí a má ṣe gba ọmú tàbí oúnjẹ lẹ́nu ọmọ náà. Kí a po iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì àti ṣúgà ṣíbí tíì 6, tí a rẹ́ lórí, mọ́ omi mímọ́ lítà 1, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn, bí ojú rẹ̀ bá jì wọnú, tàbí bí kò bá lè mu nǹkan, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ akiri-oògùn. Oògùn tí a lò lálòkulò a máa sọ kòkòrò di alágídí.

Jẹ́lé-ó-sinmi tí ó ra ọṣẹ kí ó tó ra ọ̀dà ni ó yẹ kí òbí fi ọmọ rẹ̀ sí.