Kí Ni Ẹ Jẹ Lánàá?

Nígbà mìíràn, àlejò kan a máa wọ ilé wa láti ìlú ńlá. Yóò kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò jókòó, yóò sì béèrè lọ́wọ́ ìyá ilé pé: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ jẹ lánàá?"

Ìbéèrè yìí kì í dùn létí wa ní Kaboua. A kì í yọjú wo inú ìkòkò onílé. Ẹnìkan rò pé owó orí ni wọ́n fẹ́ fi kún. Ẹlòmíràn gbọ́ pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀, nítorí náà ó ní gàrí gbẹrẹfu ni gbogbo ilé jẹ, bẹ́ẹ̀ ni egungun adìyẹ wà lẹ́yìn ilé tí ajá ń họ. Ìtìjú ni ó mú ẹnì kẹta: ọkà àti ilá lásán ni ó jẹ, ṣùgbọ́n ó ní ẹran kún inú ọbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣi ìjọba lọ́nà, àwọn ọmọ wa ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń béèrè. Ìwádìí ńlá nípa ènìyàn àti ìlera, èyí tí wọ́n ń pè ní EDS, ti wáyé ní Benin ní 1996, 2001, 2006, 2011 sí 2012, àti 2017 sí 2018. Wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ìyá ohun tí ọmọ rẹ̀ kékeré jẹ lánàá, tọ̀sán-tòru, wọ́n sì máa ń wọn gíga àwọn ọmọ. Èyí ti 2017 sí 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 32 ni kò ga tó bí ọjọ́ orí wọn ti yẹ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ 72 nínú 100 kò tó, láti ọmọ oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún. Orílẹ̀-èdè tí ń gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n ń wọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra gàrí kì í jẹ àpò tán kí ó tó mọ bí ó ti rí. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í bu ti ẹnu àpò nìkan, nítorí ó mọ ibi tí oníṣòwò ń kó èyí tó dára sí. Yóò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣẹ́ kèké lórí àwọn abúlé àti àdúgbò inú ìwé ìkànìyàn, tí wọ́n sì tún ń ṣẹ́ kèké lórí àwọn ilé tó wà níbẹ̀. Bí kèké bá mú ilé rẹ, ìwọ ń fèsì fún ọ̀pọ̀ ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ̀.

Ìwádìí mìíràn, EHCVM, wáyé ní 2018 sí 2019 àti ní 2021 sí 2022, ní Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA yòókù tí a jọ ń ná fáráǹkì CFA. Ìyẹn ń béèrè ohun tí gbogbo ilé jẹ fún ọjọ́ méje: èyí tí a rà, èyí tí a kó wá láti oko, èyí tí wọ́n fún wa. Wọ́n pín in sí ìgbà méjì nínú ọdún, mo sì yìn wọ́n fún èyí. Ẹni tí ó bá bi wá nígbà tí iṣu tuntun dé, ìdáhùn tí yóò gbọ́ yàtọ̀ pátápátá sí ti oṣù kẹfà, nígbà tí àká ti gbófo.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkòkò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àwo. Ìdí nìyí tí àwọn ìwádìí kan fi ń lọ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Faransé, wọ́n ń ṣe èyí tí wọ́n pè ní INCA. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ̀, ní 2014 sí 2015, kan ènìyàn 5,855, ọmọdé àti àgbà. Ní Nàìjíríà, aládùúgbò wa, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní 2021: láti àárọ̀ títí dé alẹ́, kí ni ìwọ fúnra rẹ fi sí ẹnu?

Mo dán an wò nílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìyàwó mi ti sọ tẹ́lẹ̀ pé gbogbo wa ni a jẹ iyán àti ẹja lánàá, kò sì parọ́. Mo wá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi jẹ ẹja méjì. Ọmọkùnrin mi jẹ ẹyọ kan, ó sì ti ra dùǹdú lójú ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀. Ìyá wọn jẹ orí ẹja. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, omi ọbẹ̀ ni ó fi jẹ iyán. Ẹyin ńkọ́? Ìyá àgbà ní ẹyin ń sọ ọmọdé di olè.

Àwọn onímọ̀ ní ìṣirò kan fún obìnrin láti ọdún 15 sí 49. Wọ́n pín oúnjẹ sí ọ̀nà mẹ́wàá, wọ́n sì ní kí obìnrin jẹ márùn-ún ó kéré tán lóòjọ́. Ọkà, ẹ̀kọ, gàrí, iyán, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó mu ẹ̀kọ láàárọ̀, tí ó mu gàrí lọ́sàn-án, tí ó sì fi ilá jẹ ọkà lálẹ́, ó yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n méjì péré ni ó jẹ. Bí ó bá fi ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan kún un, ó di mẹ́ta. Máńgòrò tó pọ́n, mẹ́rin. Wàrà díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá Fúlàní, márùn-ún pé. Ẹja gbígbẹ tí a gún sínú ọbẹ̀ kí ó lè ta sánsán kò wọ ìṣirò náà. Epo pupa pàápàá kò sí nínú mẹ́wàá, èyí tí inú mi kò dùn sí, nítorí ó wúlò fún ojú.

Ní ti ilé wa, ìyá àgbà ti gbà kí ọmọ náà máa jẹ ẹyin lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n ó ní kí n tètè kó owó mi kúrò lórí tábìlì.