Omi Lásán Ló Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Dísù Wa

Ní òkè tó wà láàárín Èrìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kì í ṣe tuntun kéèyàn rí ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, tí èéfín omi ń rú túù, tí ọmọ ọkọ̀ sì ń sáré gbé kéègì omi bọ̀. Òkè la máa ń dá lẹ́bi, tàbí oòrùn, tàbí ẹrù tó pọ̀ jù. Ní tèmi, omi inú kéègì yẹn gan-an wà lára ohun tó dá ọkọ̀ náà dúró. À ń da omi kànga àti omi odò sínú rédíétọ̀ lọ́dọọdún láìfọ inú rẹ̀, a sì ń yọ tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, sọnù nítorí pé ilẹ̀ wa gbóná. Ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó ṣì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún la ń pa bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo agbára tó wà nínú epo tí ẹ́ńjìnnì dísù ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà mìíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, ni omi gbọ́dọ̀ gbé jáde gẹ́gẹ́ bí ooru. Níbi tí omi kànga bá ti gba inú òkúta ẹfun kọjá, bí agbègbè Ewékorò níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì, èépá funfun máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi. Irú èépá yẹn náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè kúrò lára irin. Ìpẹtà irin náà á di ẹrẹ̀ pupa, á sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù, á sì dí àwọn ojú tín-ín-rín inú rédíétọ̀. Èyí tó burú jù lọ, ojú kì í rí i. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá, omi ń kan ara sílíìfù, ìyẹn páìpù irin tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, ní tààrà. Gbogbo ìgbà tí epo bá gbiná ni sílíìfù ń gbọ̀n, ìgbọ̀n yẹn á mú kí ìfófòó kéékèèké yọ nínú omi tó wà lára rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń bẹ́ ni wọ́n ń já irin jẹ. Bí mẹkáníìkì bá fa irú sílíìfù bẹ́ẹ̀ yọ, yóò bá ihò wínníwínní tó ṣù jọ sójú kan. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá lu já, omi á wọ inú òìlì, òìlì á funfun, wọ́n á sì ní tópù gásíkẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Wọ́n lè pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó rántí wo ara sílíìfù.

Kúláǹtì ló yẹ ká máa pò mọ́ omi rédíétọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní yìnyín kì í dì níbí, kí la fẹ́ fi kúláǹtì ṣe? Pé kí omi má dì jẹ́ apá kan péré nínú iṣẹ́ rẹ̀. Oògùn ìpẹtà wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ńlá sì ní oògùn tó ń bo ara sílíìfù. Omi lásán ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí Sẹ́líṣọ́ọ̀sì. Bí a bá po omi àti kúláǹtì dọ́gba-dọ́gba, tí ìdérí rédíétọ̀ sì dára, kò ní hó títí yóò fi sún mọ́ 129. Ilẹ̀ tó gbóná ló nílò èyí jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àkísà àti ọ̀rá dí ẹnu rédíétọ̀ ti sọ àǹfààní yẹn nù, torí ìdérí ló ń há ìfúnpá mọ́ inú omi.

Ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì ló dùn mí jù. Wọ́n ní bí kò bá sí níbẹ̀, omi á ráyè kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n bá yọ ọ́, apá kan nínú omi á gba ọ̀nà àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀ rárá. Ọkọ̀ á tutù lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, á sì gbóná lórí òkè. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó kì í jó epo tán. Imí ọjọ́ inú dísù àti ọ̀rinrin á para pọ̀ di áásìdì tó ń jẹ sílíìfù àti ríìngì. Òótọ́ ni pé tẹ́mósítáàtì tó há lè se ẹ́ńjìnnì jinná. Ẹ fi tuntun sínú ìkòkò omi lórí iná kí ẹ tó dè é: bí omi bá ti kọjá nǹkan bí 80, ẹ ó rí i tó ń là díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò bá là, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá fọ rédíétọ̀ àtijọ́, á máa jò. Ó lè jò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ tó jẹ́ pé ìdọ̀tí ló dí ihò rẹ̀ ti jò tẹ́lẹ̀, ó sì sàn kó hàn ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹni tó ń jó o ti wà nítòsí, ju kó hàn lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lóru. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátá kí ẹ tó ṣí ìdérí. Ẹ tú omi láti ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ àti lára búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń gbé. Ẹ yọ tẹ́mósítáàtì, kí ẹ sì fi rọ́bà ti omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí yóò fi mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ dá tẹ́mósítáàtì padà. Ẹ má da áásìdì bátìrì sí i bí àwọn kan ti ń ṣe. Omi bátìrì tí kò ní áásìdì tàbí omi òjò tí kò gba orí páànù ni kí ẹ fi po kúláǹtì. Ẹ rọra dà á, kí atẹ́gùn lè jáde. Èyí tí ẹ tú dànù ńkọ́? Bó bá ní kúláǹtì nínú, májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu; ẹ má jẹ́ kó dé ibi tí ọmọdé tàbí ajá wà.

Owó ló kù. Kúláǹtì wọ́n, ayédèrú tó jẹ́ omi aláwọ̀ sì wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni èyí tó wọ́pọ̀ ń lò, nígbà tí títún ẹ́ńjìnnì ṣe ń gba sílíìfù, písítìnì, ríìngì àti gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ kò fi pawó. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé olówó ọkọ̀ ń wo dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà náà ń wo olówó ọkọ̀, torí ẹni tó ń jíṣẹ́ owó ojoojúmọ́ kò ní fi èrè rẹ̀ ra kúláǹtì sínú ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Olówó ọkọ̀ ni kó rà á, kó sì kọ ọjọ́ tí wọ́n fọ rédíétọ̀ sára rẹ̀, kí ẹni tó bá máa wa ọkọ̀ náà tẹ̀ lé e lè kà á.