Òróró wo ni wọ́n fi ń dáná fún wa ní kántíìnì?

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti owó ofatáìmù ni a sábà máa ń kà nínú ìwé yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ìkòkò kántíìnì ni mo fẹ́ ṣí wò.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwa awakọ̀ di àyà mú lórí ìjókòó ọkọ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tí ọkọ̀ náà kò tíì kúrò ní gáráàjì. Kì í mu sìgá, kì í mu ọtí, kò sì sanra. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù níbẹ̀. Owó àpò ara rẹ̀ ni ó fi ṣe àyẹ̀wò yẹn, nítorí àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún wa kò kọjá ojú, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wa, àràárọ̀ ni wọ́n ń fa ọ̀pá yọ láti wò ó!

Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ pé ó yẹ kí a béèrè irú òróró tí agbaṣẹ́ṣe kántíìnì ń lò. Ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì pé kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀." Òótọ́ ni wọ́n kọ. Inú ẹran, ẹyin àti wàrà ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wà. Kò sí òróró ohun ọ̀gbìn kan tí ó ní in dé ibi tí à ń kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà nínú òótọ́ náà. Ẹ̀dọ̀ tiwa fúnra rẹ̀ ń ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá tí a ń jẹ sì wà lára ohun tí ń sọ iye tí yóò kù sínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà méjì, Michael Brown àti Joseph Goldstein, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985 nítorí pé wọ́n rí ọ̀nà tí ara ń gbà kó nǹkan yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi wé gáráàjì wa. Èyí tí wọ́n ń pè ní LDL dà bí ọkọ̀ tí ó ru kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù káàkiri. Ẹ̀dọ̀ sì ní ẹnu-ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń gbà wọlé lọ já ẹrù. Ọ̀rá tí ó máa ń dì, bíi ti ẹran, bọ́tà àti àdín, ń dín ẹnu-ọ̀nà wọ̀nyí kù. Bí géètì bá ku ẹyọ kan, ṣé ọkọ̀ kò ní tò dé títì? Ohun tí ó tò sínú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀nà tí ó lọ sí ọkàn yóò fi há.

Nínú gíráàmù 100 àdín, bí 80 ni ọ̀rá dídì yìí. Ti àgbọn tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epo pupa, bí ìdajì. Òróró ẹ̀pà kò ju bí 20 lọ, ti sóyà bí 15. Èyí tí ó kù nínú wọn ni ọ̀rá tí kì í dì, tí ó ń mú LDL wálẹ̀ bí a bá fi rọ́pò ọ̀rá dídì. Mo ní bí a bá fi rọ́pò o! Bí a bá kàn dà á lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, ikùn ni yóò máa yọ. Ẹ̀gúsí náà, bí ìdajì rẹ̀ ni òróró, èyí tí ó pọ̀ jù nínú òróró náà kì í sì í dì. Yànmọtí ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ìfun gba kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù bí ó ti fẹ́. Ẹ̀gúsí kò jẹ̀bi; ìgbakọ epo mẹ́rin tí a fi dín in ni kí a pè lẹ́jọ́.

Àwọn kan ń sọ pé epo pupa ni àwọn baba wa jẹ dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì bá epo pupa jà. Ó ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, bí a kò bá ti gbé e kaná títí àwọ̀ rẹ̀ fi pòórá. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn ènìyàn dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn ará Ìdíkàn ló kéré. Ṣùgbọ́n àmàlà, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹran díẹ̀ àti epo níwọ̀n ni oúnjẹ àwọn àgbà wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn. Àwa ń jókòó ti ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, dòdò àti ẹran díndín ni à ń jẹ.

Ohun tí ó dùn mí jù nìyí: púpọ̀ nínú òróró inú kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́ bíi ti ẹ̀pà, epo ọ̀pẹ tí wọ́n fọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò ni. Wọ́n ti sẹ́ apá tí ó dì jù kúrò, síbẹ̀ ọ̀rá dídì inú rẹ̀ ṣì tó 40 nínú 100. Òyìnbó tí wọ́n kọ sí i lára kàn sọ pé ohun ọ̀gbìn ni.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún ìwé àdéhùn agbaṣẹ́ṣe kántíìnì ṣe, kí àwọn aṣojú wa béèrè pé kí ó kọ orúkọ ohun tí wọ́n fún òróró náà lára rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó má fi òróró kan náà dín nǹkan fún ọjọ́ mẹ́ta mọ́. Kí ẹ̀wà wà lójoojúmọ́. Òróró ẹ̀pà wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú owó oṣù tiwa ni wọ́n ti ń yọ owó oúnjẹ náà. Kí àyẹ̀wò kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sì wọ inú àyẹ̀wò ọdọọdún fún ẹni tí ó bá ti pé ọmọ 40 ọdún, kí agbanisíṣẹ́ san án.

Ẹlẹgbẹ́ wa yẹn ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n gbé e lọ; owó àjò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fún mi ní risíìtì àyẹ̀wò rẹ̀, n ó sì mú un dání wá sí ìpàdé ẹ̀ka.