Èdè Tí Wọ́n Fi Ń Ná Owó Ìlú

Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejì, ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ìṣúná Nàìjíríà fún ọdún náà. Tírílíọ̀nù 54.99 náírà ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwé yìí fún alájọ tó ti ń gba owó àjọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò láti ogún ọdún, tí kì í ṣi náírà kan kà, kò ní lè tọ́ka sí ibi tí owó náà gbà lọ. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ni kò yé e.

Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba fi ń sọ̀rọ̀ ìnáwó ṣòro fún ẹni tó kàwé pàápàá. Gbogbo ènìyàn mọ "vote" sí ìbò, ṣùgbọ́n "security vote" kì í ṣe ìbò rárá. Owó tí gómìnà ń gbà lórúkọ ààbò ni, tí kì í sábà ṣírò rẹ̀ fún ará ìlú. Àjọ Transparency International sọ ní ọdún 2018 pé irú owó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní bílíọ̀nù 241 náírà lọ́dún. Ní ọdún 2016 ẹ̀wẹ̀, ariwo "padding" gba ilé aṣojú-ṣòfin kan ní Àbújá. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìjọba lè rò pé àwọn aṣòfin ń rán tìmùtìmù ni. Bí ìyá kan bá rán ọmọ lọ ra epo pupa ẹgbẹ̀rún méjì náírà, tí ọmọ dé, tó ní ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ni, ta ni yóò pe ìyẹn ní "padding"? Wọ́n á ní ó fi owó lé owó ọjà, wọ́n á sì ní kó lọ mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó kù wá.

Inú èdè Faransé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ "budget" fúnra rẹ̀ ti wá. Àpò awọ kékeré ló túmọ̀ sí níbẹ̀. Ẹni tó di ẹnu àpò ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìṣúná tí àwọn oníròyìn Yorùbá ń lò wá láti inú ṣíṣún owó ná: kí ènìyàn mọ̀ pé owó kò pọ̀, kí ó fọgbọ́n pín in. Ọ̀rọ̀ náà ti ń bá ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wí kó tó na ọwọ́ sápò. Kódà, ọ̀rọ̀ kan náà, ná, ni Yorùbá ń lò fún owó àti fún ọjà: ènìyàn a ná ọjà, kó tó ná owó.

Àwọn kan ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún irú nǹkan báyìí. Àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ti fèsì fún wọn tipẹ́. Òótọ́ ni pé olè lè fi Yorùbá tó dán mọ́rán jalè, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti ṣe é lójú ẹni tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Òfin kò dí ọ̀nà. Abala 97 nínú ìwé òfin ọdún 1999 gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé bá ti fọwọ́ sí i. Kí ló wá dé tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá fi ń ka àbá ìṣúná ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn aṣòfin tó fi Yorùbá tọrọ ìbò?

Ojú ewé mẹ́wàá péré ti tó: iye tó wọlé, iye tí ìpínlẹ̀ yá, iye tí wọ́n fẹ́ ná lórí ilé ìwòsàn, lórí títì, lórí oúnjẹ ilé ìjọba. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà ọjà kí oṣù Kìíní tó parí. Bí iye owó títì kan bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ìyálọ́jà mọ bí wọ́n ṣe ń ná an.