Ìwé Wo Ni Kí A Rà fún Ọmọ Tí Ń Sá fún Ìwé?

Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ọmọ tí ó bá ń sá fún ìwé, ọ̀lẹ ni. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó lè jókòó ti ìyá àgbà nítorí àlọ́ Ìjàpá títí oorun yóò fi gbé e lọ, ọmọ tí ó lè dúró lójú agbo Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, tí yóò sì tún orin ibẹ̀ kọ lọ́jọ́ kejì láìṣì, etí rẹ̀ kò ya ọ̀lẹ, ọpọlọ rẹ̀ kò sì ya ọ̀lẹ. Ó fẹ́ràn ìtàn. Kí a tó bá a wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìwé tí a gbé síwájú rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Benin àti ní Tógò, èdè Faransé ni a fi ń kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní CI àti CP, ó ń kọ́ bí a ti ń kàwé. Nígbà tí ó bá fi máa dé CM1, ìwé kíkà ni yóò fi máa kọ́ gbogbo ìyókù, títí kan ìṣirò. Ọmọ tí ó bá ti pinnu ní CE1 pé ìwé kì í ṣe tòun, bí ẹni tí ó ru ẹrù gun òkè ni yóò máa rìn títí dé ìdánwò CEP. Èyí nìkan kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé èdè Faransé nìkan ló ń bá pàdé nínú ìwé, yóò gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹnu nìkan ni a dá èdè ìyá òun fún. Ní ogún ọdún sí i, ta ni yóò ka ìwé ìròyìn bí irú èyí?

Ohun tí a máa ń rí ni pé àgbà a máa ra ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn nígbà èwe. Bàbá tí ó kọ́ ìwé kíkà nínú Mamadou et Bineta, èyí tí André Davesne ṣe fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ayé àwọn Faransé amúnisìn, yóò wá a kiri dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ létí títì, inú rẹ̀ yóò sì dùn bí ó bá rí i. Inú tirẹ̀ ni ó dùn. Òmíràn, nítorí kí ọmọ lè gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, yóò sọdá sí Nàìjíríà lọ ra Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Iṣẹ́ ńlá ni ìwé náà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn inú rẹ̀ gùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ohun tí ọmọ CE1 lè dá wọ̀ lọ. Kí àgbà kà á sókè kí ọmọ máa gbọ́, èyí dára púpọ̀. Kí a gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ kí a ní kí ó jókòó sí igun kan kí ó máa kà á, ìyà ni.

Ọ̀ràn lẹ́tà ló yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí àwọn òbí kì í sábà fiyè sí i. Ọmọ wa ti kọ́ lẹ́tà Faransé kí ó tó rí ìwé Yorùbá, ojú Faransé ni ó sì fi ń wo ti Yorùbá. Bí ó bá rí u nínú "ìlú", yóò sú ètè jọ, yóò pè é bí u inú "lune", nítorí "ou" ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kí ó fi kọ ìró tiwa. Bí ó bá rí "rin", ohùn imú ti Faransé ni yóò fi pè é, yóò sì dún bí "rẹn". Bí ó bá rí "èdè", àmì tí àwa fi ń sọ pé kí ohùn wálẹ̀, òun yóò rò pé ó ń sọ e di ẹ ni, ọ̀rọ̀ tí yóò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní jọ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ ní ilé wọn. Bí ó bá rí "apá", p inú "papa" ni yóò fi kà á. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ gan-an ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó jókòó tì í bá rẹ́rìn-ín pé ó ń sọ Yorùbá bí òyìnbó, ó lè jẹ́ pé ọjọ́ náà ni yóò kà á mọ.

Ó tún ku ọ̀kan. Láti 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì ti tún un ṣe láti ìgbà náà. Nínú rẹ̀, ɛ àti ɔ dúró fún ohun tí ìwé Nàìjíríà ń kọ ní ẹ àti ọ, sh dúró fún ṣ, kp sì dúró fún p. Ìjàpá tí wọ́n kọ ní Ìbàdàn di Ìjàkpá bí a bá kọ ọ́ ní Àjàṣẹ́, ẹranko kan náà sì ni, ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ kò dín. Ní tiwa, ìwé tí a fi kp àti sh kọ ló rọrùn jù fún ọmọ tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ Faransé bọ̀. Síbẹ̀, ìwé ọmọdé tí ń ti Nàìjíríà wọlé ló pọ̀ jù, a kò sì lè tìtorí lẹ́tà mẹ́rin kọ̀ wọ́n. Ẹ kọ àwọn lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sí orí páálí kékeré kan pẹ̀lú ìkejì wọn, kí ẹ fi í sínú ìwé láti máa fi sàmì sí ojú ewé. Ẹ má sì fún ọmọ ní ìwé méjì tí a kọ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Bí ẹ bá wá ń yan ìwé, ẹ mú ọmọ náà dání, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tí ó wù ú. Bí ó bá mú ìwé bọ́ọ̀lù, tàbí ti ọkọ̀, tàbí ti ejò, ẹ má ṣe fi ìwé ẹ̀kọ́ ìwà rọ́pò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ewé kan láàárín ìwé, kí ó kà á sókè, kí ó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò bá mọ̀. Bí ìka márùn-ún bá ká tán kí ó tó dé ìsàlẹ̀, ìwé náà kò tíì tó o dá kà. Ẹ rà á bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ máa kà á fún un. Kí ìwé tí yóò dá kà tín-ín-rín. Ọmọ tí ó bá ka ìwé olójú ewé mẹ́rìndínlógún tán lè fọ́nnu fún àbúrò rẹ̀ pé òun ti ka ìwé kan parí. Èyí tí ó dúró sí ojú ewé kejìlá nínú igba, kò rí nǹkan kan sọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ tún wo ohun tí ìwé náà ń sọ. Púpọ̀ nínú ìwé Faransé tí ń dé ọ̀dọ̀ wa, òjò dídì ló ń bo òrùlé nínú wọn, ọmọ inú wọn sì ń yá iná nínú yàrá. Ọmọ Ṣábẹ̀ tí ó ń ka irú èyí ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń wá bí yóò ti pe ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń wá ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bí ó bá jẹ́ òkè àpáta, ọjà, tàbí ọlọ́kadà zémidjan ni ìwé ń sọ, ìmọ̀ rẹ̀ yóò ti ṣáájú ojú rẹ̀ dé ìparí gbólóhùn. Bí ó bá ti fẹ́ràn ìwé tán, kí ó lọ sí ilẹ̀ òjò dídì nígbà tí ó bá wù ú.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ilé ìtẹ̀wé Ruisseaux d'Afrique ní Kùtọ̀nu, tí Béatrice Lalinon Gbado dá sílẹ̀, ń tẹ ìwé alàwòrán fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa. Fún ọmọ tí kò fẹ́ rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ewé kan, a fẹ́ràn Akissi, ìtàn alàwòrán tí Marguerite Abouet kọ, tí Mathieu Sapin sì yà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2010. Ọmọbìnrin aláìgbọràn kan ní Abidjan ni, ìtàn kọ̀ọ̀kan kúrú, ìyá kankan kò sì ní í fẹ́ kí ọmọ òun fìwà jọ ọ́. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí àwọn ọmọ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú ìwé yìí kì í ṣe ìwé. Ẹni tí kò bá sì ní owó ìwé, kí ó wá African Storybook lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àjọ Saide ní Gúúsù Áfíríkà ló dá a sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ìtàn ibẹ̀, wọ́n wà ní Yorùbá àti ní Faransé, a sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Wọ́n pín wọn sí ipele, láti èyí tí ó ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ lójú ewé dé èyí tí a ní láti kà fún ọmọ.

Nígbà tí ìwé bá ti délé, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Daniel Pennac, olùkọ́ àti òǹkọ̀wé ará Faransé, to ẹ̀tọ́ mẹ́wàá òǹkàwé sínú Comme un roman ní 1992. Lára wọn ni ẹ̀tọ́ láti má kàwé rárá, láti fo ojú ewé, láti má parí ìwé, àti láti tún un kà. Èyí tí ó kẹ́yìn wọ̀nyí ló ń bí àwọn òbí nínú jù: "Ṣé èyí náà ni o tún ń kà?" Bẹ́ẹ̀ ni, èyí náà ni. Ní ìgbà kẹfà, kò ní láti wá ọ̀rọ̀ mọ́, ìtàn nìkan ló kù fún un. Ẹ má sì sọ ìwé di ìjìyà fún ẹni tí ó fọ́ àwo.

Bí ọmọ bá ń sún ìwé mọ́ ojú tàbí tí ó ń dijú kan kàwé, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ tó ra ìwé mìíràn.

Ìwé kan kù tí a kì í rà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ìyá àgbà pa àlọ́, tàbí kí bàbá àgbà sọ ohun tí ó mọ̀ nípa ẹnubodè Àkàbà Ìdèna ní Kétu. Kí ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ ọ́ sílẹ̀, gbólóhùn kan sí ojú ewé kan, kí ọmọ ya àwòrán sí òkè rẹ̀. Bébà mẹ́rin tí a ṣẹ́ po sí méjì ti di ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni a ó fi gán an. Ẹ kọ ọ́ bí ẹnu tí ó sọ ọ́ ti sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ti Kétu, ti Ṣábẹ̀ tàbí ti àwọn Ifẹ̀ ní Atakpamé. Ẹ má ṣe tún un ṣe di Yorùbá àwọn ará ìlú mìíràn. Kí orúkọ ọmọ náà àti ti ìyá àgbà wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣe irú rẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wa. Àyè wà fún un ní ojú ewé àwọn ọmọdé.