Mímọ Ọ̀dọ̀ Ẹni Tó Ń Kó Ọjà Fúnni

Àyẹ̀wò tí olùrà ń ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún un kọjá kí ó fi ojú wo ọjà lásán. Iṣẹ́ ni ó ń yẹ̀ wò: ibi tí ọjà ti wá, ọwọ́ tó kọjá, omi tí wọ́n lò, àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní 2008, diethylene glycol, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́, wọ inú My Pikin, oògùn ọmọ tó ń hu eyín, tí wọ́n ṣe ní Èkó. Ó rọ́pò propylene glycol, èròjà tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ọmọ tó ju 80 lọ ló kú. Àwọn omi méjèèjì jọra lójú. Láàbù nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ọjà Ìpatà ní Ìlọrin, ẹran ló sún mọ́ irú ewu tí ojú kò rí yìí jù. Olóúnjẹ tó ń ra ẹran lórí tábìlì kò rí ẹ̀dọ̀fóró màlúù náà, níbi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti máa ń fara hàn. Àfi kí ó dé ibi tí wọ́n ti pa á, kí ó wò bóyá dókítà ẹranko yẹ̀ ẹ́ wò láàyè àti lẹ́yìn pípa, bóyá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti kun ún.

Owó àti àkókò ni àwíjàre tó wọ́pọ̀. Lóòótọ́, ìyá olóúnjẹ kan kò lè máa lọ lójoojúmọ́ (ta ni yóò wá dáná?), ṣùgbọ́n olóúnjẹ márùn-ún lè dáwó jọ, kí wọ́n rán ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ìdájí, láìsọ fún alápatà ṣáájú. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò tó rárá. Ẹran àti epo pupa, tí ojú lásán kò lè rí àbùkù wọn, ni kí wọ́n fi ṣáájú. Àlùbọ́sà lè dúró, ojú lásán ń rí èyí tó ti jẹrà.